Lẹ́tà Tí Ahọ́n Rẹ̀ Gé

Ní Ìkìrun tí mo ti kọ́ ábídí,
láti b, a fò ó di d.
C kò sí nílé. A ò tilẹ̀ bèèrè rẹ̀.
Wàyí o, ní Norwich, lókè ṣọ́ọ̀bù aránbàtà,
mo gbé lúùtù lẹ́sẹ̀, ẹ̀gbọ́n gìtá láyé àtijọ́,
ẹ̀yìn rẹ̀ yọ roboto, ó fara ti ikùn mi,
c ni ìka mi ń wá kiri lórí okùn kẹta.

Ìwé orin wọn ò ní kóró dúdú tó ń gun àkàbà.
Ìlà mẹ́fà ni, okùn mẹ́fà,
lẹ́tà bà lé wọn bí ẹyẹ lórí wáyà iná:
a, má tẹ nǹkan kan; b, tẹ ìdè kìíní;
c, ìdè kejì; bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.
Ẹni tó dà á kọ ti kú láti irínwó ọdún.
A ò mọ orúkọ rẹ̀. A mọ ọwọ́ rẹ̀:
ó máa ń kánjú bí ojú ìwé bá ń tán lọ,
tàdáwà rẹ̀ a sì gbẹ lójijì.
Nígbà míì lẹ́tà a ṣi ilé wọ̀,
a já sí ti aládùúgbò, ìlà kan nísàlẹ̀,
orin a ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù.
Irú ìyẹn ò le. Pẹ́ńsùlù ni oògùn rẹ̀.
Mo ti mú ọ̀pọ̀ wọn padà sílé.

Èyí tó wà ní ìlà kẹsàn-án ni kò jẹ́ n sùn.
C ni, àbí e?
E ni c tó ní ahọ́n. Bí tàdáwà bá gbẹ,
ahọ́n a gé, e a di c,
orin tó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ a bojú wẹ̀yìn.
Màmá Catchpole, olùkọ́ mi, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
ní e ni, kò sí àríyànjiyàn:
"Ṣé etí rẹ ò gbọ́ ni? Dá ahọ́n rẹ̀ padà fún un, Aribiyi."
Mo dá a padà. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ta e.

Ní oṣù kejì, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Cambridge.
Yìnyín ń bọ́ sórí oko, ilẹ̀ tẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́.
Wọ́n gbé ẹ̀dà kejì lé tìmùtìmù fún mi bí ọmọ ọwọ́.
Orin kan náà, ọwọ́ mìíràn, ọwọ́ ẹni tí kì í kánjú.
Ó fi ẹ̀ṣọ́ há gbogbo ibi tí àyè wà,
ó fo odidi ìlà kan, kò mọ̀,
ṣùgbọ́n níbi tí mo ń wá, gbangba gbàǹgbà:
c. C tí a fara balẹ̀ kọ.

Thirkettle tó ń ta ohùn kejì fún wa ní
ẹlẹ́rìí méjì lè jọ jẹun nínú àwo irọ́ kan;
bóyá ìyá kan ló bí ìwé méjèèjì,
bóyá ìyá náà ló kọ́kọ́ sọ ahọ́n nù.
Kò burú. Ta ló máa lọ bi í?

Àríyìbí ni bàbá mi ń jẹ́.
Akọ̀wé kan ní Croydon, lọ́jọ́ tí mo dé,
kọ Aribiyi. Bóyá ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú, bóyá ebi ń pa á.
Ọdún méjìlélógún: ó wà lórí bíìlì gáàsì,
lórí ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ mi.
Wọ́n bí wọn sínú rẹ̀, wọ́n ń dáhùn sí i.
Ìgbà wo ni àṣìṣe ń di onílé?

Lálẹ́ àná mo fi rọ́bà pa ahọ́n náà rẹ́.
Kò parẹ́ tán; ojú ibẹ̀ ń dán lórí ìwé.
Màmá Catchpole di ojú, ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́bàá hítà.
Mo dé ìlà kẹsàn-án, mo tẹ c.
Orin bojú wẹ̀yìn, ó dúró díẹ̀,
ó tún ń lọ.
Kò sọ̀rọ̀. Ẹnìkan ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀.
"Aribiyi," ó ní, "tún un ta."
Mo tún un ta.
Orúkọ náà, mi ò tún un ṣe.